Bí Òṣìṣẹ́ Ìjọba Ṣe Lè Gba Owó Ìrìn-àjò Rẹ̀ Pé Nígbà Tí Iye Rẹ̀ Bá Yí Padà

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí ní Ìbàdàn, yálà ní Sẹkitéríàtì Agodi tàbí ní Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ ní Ìkọ̀láàbà, mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ lọ sí Ṣakí tàbí Àbújá fún ọjọ́ mélòó kan, ó lọ, ó bọ̀, owó wọ àkáǹtì rẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá ó gbọ́ pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó rin irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì gba iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó tirẹ̀. Ó béèrè, wọ́n ní iye owó ti yí padà. Ó tún béèrè pé ìgbà wo ló yí padà, ẹni tó dúró lẹ́yìn káńtà sì ní kó lọ máa bọ̀.

Mo jókòó sí ẹ̀ka ìṣirò owó fún ọdún bíi mélòó kan kí n tó di ẹni tí wọ́n ń rán kiri, nítorí náà mo mọ ọ̀rọ̀ yìí láti iwájú káńtà àti láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin nínú gbogbo àlàyé tó ń bọ̀ ni pé orí ọjọ́ ni àríyànjiyàn owó ìrìn-àjò máa ń dúró lé. Ẹni tó bá lè fi ìwé hàn pé alẹ́ báyìí ni òun sùn síta, àti pé alẹ́ náà bọ́ sí ẹ̀yìn ọjọ́ tí iye tuntun bẹ̀rẹ̀, ti ṣe ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí kò lè fi í hàn, ariwo lásán ló ń pa, bí ó tilẹ̀ jàre.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwé tó de yín

Ìbàdàn ni ìlú tí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ ti lè máa gbé inú ọgbà kan náà, kí wọ́n sì jọ máa wọ ọkọ̀ Micra kan náà lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tó de owó ìrìn-àjò wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tó wà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ ní Moor Plantation ń tẹ̀lé iye tí àjọ tó ń rí sí owó oṣù àti owó iṣẹ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, bá gbé jáde láti Àbújá. Ẹni tó wà ní Agodi ń tẹ̀lé ìwé tó bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jáde. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nínú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, tún ní àjọ tirẹ̀ tó ń fún un ní àṣẹ.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé owó ìsùn síta, èyí tí gbogbo wa ń pè ní DTA, sókè ní 2022, ìròyìn rẹ̀ kún inú àwọn ìwé ìròyìn. Ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, 2022 ni wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé àgbà ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń gba ₦20,000 fún alẹ́ kan tẹ́lẹ̀ bọ́ sí ₦70,000, mínísítà kúrò ní ₦35,000 bọ́ sí ₦80,000, àwọn tó wà ní ipele ìsàlẹ̀ náà sì rí àfikún tiwọn. Kíá ni àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ kan ti gbé ìwé ìròyìn náà dání lọ bá akáńtà wọn. Akáńtà kò lè fi ìwé ìròyìn san owó. Àyàfi tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá gbé sákúlà tirẹ̀ jáde, ìyẹn ìwé àṣẹ tó ń kéde iye tuntun, iye àtijọ́ ló ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Agodi, ì báà jẹ́ pé iye ti Àbújá ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Àṣìṣe kejì ni dída owó oṣù pọ̀ mọ́ owó ìrìn-àjò. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2024 gbé e dé ₦70,000, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ní ₦80,000 ni òun yóò san. Inú gbogbo wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n àfikún owó oṣù kò sọ pé owó ìsùn síta gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, nítorí sákúlà ọ̀tọ̀ ló ń darí rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ yín tí ẹ wá fi owó oṣù tuntun ṣe ẹ̀rí, ẹ ti fún ẹni tó fẹ́ da ìwé náà nù ní àwáwí.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ rí sákúlà náà fúnra yín, kí ẹ kà á láti orí dé ìdí, kí ẹ sì ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má fi èyí tí wọ́n pín kiri lórí WhatsApp ṣe é tí kò bá ní nọ́ńbà, ọjọ́ àti ìbuwọ́lù. Ẹ lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ yín, ẹ ní kí wọ́n bá yín wá fáìlì àwọn sákúlà. Tí ó bá jẹ́ àjọ tó ní ìgbìmọ̀ alákòóso tirẹ̀ lẹ wà, ẹ tún béèrè bóyá ìgbìmọ̀ náà ti gba iye tuntun wọlé, nítorí mo ti rí ibi tí sákúlà ti dé láti oṣù mẹ́rin tí wọ́n sì ń dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀.

Ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀rọ̀ kan

Ẹ wá mú bébà kan, kí ẹ kọ ọjọ́ márùn-ún sí i. Èkíní ni ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí sákúlà. Èkejì ni ọjọ́ tí sákúlà sọ pé kí iye tuntun bẹ̀rẹ̀, èyí tó lè ṣáájú tàbí kó tẹ̀lé ọjọ́ ìbuwọ́lù. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ tí ọ̀gá fọwọ́ sí ìrìn-àjò yín nínú fáìlì. Ẹ̀kẹrin kì í ṣe ọjọ́ kan, àwọn alẹ́ tí ẹ sùn síta ni, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀karùn-ún ni ọjọ́ tí owó wọlé sí àkáǹtì yín.

Àwọn tó wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó fẹ́ràn ọjọ́ ẹ̀kẹta, kì í sì í ṣe ìwà ìkà ló ń mú wọn ṣe é. Ọjọ́ tí ọ̀gá fọwọ́ sí i ni wọ́n ti kọ fáúṣà, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń sanwó, tí wọ́n ti yọ owó náà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n yà sílẹ̀ fún ìrìn-àjò lọ́dún náà. Tí iye bá wá yí padà lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ fáúṣà mìíràn, kí wọ́n tún gbé e gba ọ̀dọ̀ ọ́díìtì, àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò, kọjá, nígbà tó sì jẹ́ pé owó tó wà nílẹ̀ lè má tó mọ́. Ó rọrùn fún wọn láti sọ pé iye tó wà lójú iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọ̀gá buwọ́ lù ú ló kàn yín.

Lójú tèmi, ọjọ́ kejì àti ẹ̀kẹrin ló yẹ kó pàdé ara wọn. Owó alẹ́ ni DTA. Ibùsùn àti oúnjẹ alẹ́ náà ló wà fún. Tí sákúlà bá sọ pé láti ọjọ́ báyìí ni ₦20,000 jẹ́ ti alẹ́ kan, alẹ́ tó bá bọ́ sí ọjọ́ náà tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ti di alẹ́ ₦20,000, láìka ìgbà tí wọ́n buwọ́ lu ìwé sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ yóò ṣe máa jẹ́ ti iye àtijọ́, kódà tí wọn kò bá san owó náà títí di oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, nítorí pípẹ́ kí owó tó wọlé kì í sọ alẹ́ àtijọ́ di tuntun. Àwọn kan máa ń gbàgbé apá kejì yìí nígbà tí wọ́n bá ń bínú. Àyàfi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni kí sákúlà fúnra rẹ̀ ní gbólóhùn kan tó sọ bí wọn yóò ṣe ṣe sí ìrìn-àjò tó ti bẹ̀rẹ̀. Tí irú rẹ̀ bá wà, òun ló lágbára ju èrò èmi àti ẹ̀yin lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ ọgbọ́n yìí. Wọ́n rán mi lọ sí ìlú kan lápá Òkè-Ògùn, iye owó sì yí padà nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún. Mo dé, mo kọ ìwé olójú ewé méjì tó kún fún ìbànújẹ́, mo ní wọn kò san owó mi bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé náà padà sí tábìlì mi pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo tí wọ́n fi bírò pupa kọ, pé iye ọjọ́ ìfọwọ́sí ni wọ́n san. Mo gbé e lọ bá ìyáàfin àgbà kan ní ọ́díìtì. Ó sọ gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀ sí ihò imú, ó ka ojú ewé kìíní, ó ka èkejì, ó wá fi ìdí bírò kan bébà náà. Ó ní, “Ọmọ mi, alẹ́ mélòó lo sùn níbẹ̀? O ò mà kọ ọ́ síbì kankan.” Lóòótọ́, mi ò kọ ọ́. Nígbà tí mo fi máa padà wá rísíìtì òtẹ́ẹ̀lì, mo ti jù ú nù pẹ̀lú ọ̀rá ìpápánu. Òǹtẹ̀ tí wọ́n lù sí ẹ̀yìn lẹ́tà mi ní ọ́fíìsì tí mo lọ ló gbà mí, ó sì jẹ́ pé alẹ́ kan nínú méjì tó yẹ ni òǹtẹ̀ náà lè jẹ́rìí sí, nítorí ọjọ́ Àìkú ni èkejì, ọ́fíìsì kò sì ṣí. Owó alẹ́ kan ni mo gbà.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní iye àtijọ́ ní ipele yín jẹ́ ₦10,000, tí tuntun sì jẹ́ ₦20,000 láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án. Ẹ kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ṣakí ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ, ẹ sì padà ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án. Ẹ má ka ọjọ́, alẹ́ ni kí ẹ kà. Alẹ́ 29, 30 àti 31 oṣù Kẹjọ jẹ́ mẹ́ta, ní ₦10,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦30,000. Alẹ́ 1 àti 2 oṣù Kẹsàn-án jẹ́ méjì, ní ₦20,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦40,000. Lọ́jọ́ kẹta ẹ ti wà nílé yín, alẹ́ ọjọ́ náà kò sí nínú ìṣirò. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦70,000. Tí wọ́n bá ti san alẹ́ márààrún ní iye àtijọ́, ₦50,000 lẹ gbà, ₦20,000 ló kù.

Ẹni tó bá ka ọjọ́ yóò rí mẹ́fà, yóò sì kọ ₦90,000 tàbí ₦120,000. Mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí ọ́díìtì tó rí alẹ́ méjì tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ rí àsọdùn náà, láti ìgbà náà lọ wọn kò ní gba ohunkóhun tó bá kọ gbọ́ mọ́.

Alẹ́ kan wà tó máa ń fa wàhálà, òun ni alẹ́ ojú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń rán lọ sí Àbújá láti Ìbàdàn ló ń wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ ní Ìwó Road, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á sì mọ́ bá wọn lọ́nà. Ṣé alẹ́ nìyẹn? Òṣìṣẹ́ á ní òun kò sùn nílé òun. Ọ́díìtì á ní kò sanwó ibùsùn fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé àwọn méjèèjì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, nítorí náà ẹ má da alẹ́ ojú ọ̀nà pọ̀ mọ́ àwọn tó kù. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀, kí ẹ sọ pé inú bọ́ọ̀sì ni, kí ẹ sì so tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, òun nìkan ni wọ́n á kọ̀, àwọn alẹ́ tó dájú á sì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bákan náà, tí àwọn tó pè yín sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ bá ti pèsè ilé àti oúnjẹ, ẹ má béèrè owó ìsùn síta ní kíkún bí ẹni pé ẹ fi owó ara yín gba yàrá. Ẹ wo ohun tí sákúlà sọ nípa irú rẹ̀.

Owó ọkọ̀ yàtọ̀ sí owó ìsùn

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún, 2023, owó ọkọ̀ ti fò sókè kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ tábìlì iye owó ìjọba lè bá mu, èyí ló sì mú kí àwọn ènìyàn máa fẹ́ fi DTA dí ihò tí owó ọkọ̀ dá sílẹ̀. Ẹ má ṣe é. Kí owó ọkọ̀ wà ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí tirẹ̀. Tó bá jẹ́ mọ́tò ara yín lẹ gbé, ẹ rí i pé ìfọwọ́sí pé kí ẹ gbé e wà nínú fáìlì kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì kọ iye kìlómítà. Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní àlọ nìkan, ẹni tó bá kọ ọgọ́rùn-ún méjì ààbọ̀ fún àlọ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ibi tó gbà.

Ní ti ẹ̀rí, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà lọ sí Èkó ní tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ̀, tó ní ọjọ́ àti iye, kò sí ìjà níbẹ̀. Wàhálà wà fún ẹni tó wọ ọkọ̀ ní Òjóò tàbí Sango, nítorí awakọ̀ kì í já rísíìtì. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ní kí ẹni tó ń gba owó ní gáréèjì kọ iye, ọjọ́ àti ibi tí à ń lọ sórí bébà kan, kó sì fọwọ́ sí i. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì kọ ọ́. Bébà yẹn ti gba owó fún mi rí.

Ìwé tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ kó wọn jọ kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan: ẹ̀dà sákúlà, lẹ́tà tí wọ́n fi rán yín, ìfọwọ́sí ọ̀gá, lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ ọ́fíìsì tí ẹ lọ ní ọjọ́ tí ẹ dé àti ọjọ́ tí ẹ kúrò, rísíìtì òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rí owó ọkọ̀, àti ìwé báǹkì tó fi iye àti ọjọ́ tí owó wọlé hàn. Nínú gbogbo rẹ̀, òǹtẹ̀ ọjọ́ tí ẹ kúrò ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù. Gbogbo ènìyàn ń gba òǹtẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dé, nígbà tí ara ṣì yá. Lọ́jọ́ ìpadàbọ̀, ọkọ̀ ti ń dúró, wọ́n á ní ó ti tó. Òǹtẹ̀ kejì yẹn gan-an ló ń sọ iye alẹ́.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ sórí fóònù lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, nítorí yíǹkì rísíìtì òtẹ́ẹ̀lì kì í pẹ́ ṣá. Ẹ má fi ojúlówó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láìní ẹ̀dà lọ́wọ́. Tí ẹ bá lè rí nọ́ńbà fáúṣà tí wọ́n fi san yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, torí òun ni wọ́n á fi wá ọ̀rọ̀ yín kàn láìjẹ́ pé wọ́n tú gbogbo àpótí.

Lẹ́tà náà

Èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kò ju báyìí lọ: “Mo ń béèrè fún ìyàtọ̀ owó tó jẹ́ ₦20,000 lórí ìrìn-àjò iṣẹ́ mi sí Ṣakí. Alẹ́ márùn-ún ni mo sùn níbẹ̀, láti ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ sí ọjọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n san márààrún ní ₦10,000. Sákúlà tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè yìí sọ pé ₦20,000 ni láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án. Alẹ́ méjì tó kẹ́yìn bọ́ sábẹ́ iye tuntun. Ẹ̀dà àwọn ìwé tó jẹ́rìí sí i wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí.” Kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀, kò sí bí nǹkan ṣe le nílùú, kò sí orúkọ ẹlẹgbẹ́ tó gba jù yín lọ. Ojú ewé kan ṣoṣo ni kó jẹ́.

Ẹ gbé e gba ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka yín lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé àgbà tàbí olórí àjọ yín. Òfin iṣẹ́ ìjọba kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ fo ọ̀gá rẹ̀, lẹ́tà tó bá sì fo ọ̀gá á padà sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà kejì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìgbàwọlé sí i. Lẹ́yìn náà ni ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ẹ béèrè nọ́ńbà ojú ewé tí lẹ́tà yín wà nínú fáìlì. Fáìlì tí wọ́n fi okùn so pọ̀ lè ní igba ojú ewé, akọ̀wé tí ẹ bá sọ fún pé “lẹ́tà mi wà ní ojú ewé 143” á ṣí i lójú yín. Ẹni tó bá sọ pé “mo kọ lẹ́tà kan lóṣù tó kọjá,” wọ́n á ní kó lọ máa bọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọdún parí lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Owó ìrìn-àjò tí wọn kò ná tán nínú ọdún kan kì í sábà tẹ̀lé wa wọ ọdún kejì, nígbà náà gbèsè yín á di ti ọdún tó kọjá, èyí tó ní ìlànà tirẹ̀ tó gùn jù. Lẹ́tà tó wọlé ní oṣù Kẹwàá ní ìrètí ju èyí tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì lọ.

Bí lẹ́tà bá sùn

Ẹ fún wọn ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ tó kọ ìránnilétí tó tọ́ka sí ojú ewé ti àkọ́kọ́. Tí ọ́díìtì bá kọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú fáìlì. “A ò lè san án” tí wọ́n sọ fún yín ní kọ́rídọ̀ kò ṣe é dáhùn. Tí wọ́n bá kọ ọ́, ẹ ó mọ̀ bóyá owó ni kò sí, bóyá wọ́n ń lo ọjọ́ ìfọwọ́sí, tàbí wọn kò tíì rí sákúlà rárá. Ìdáhùn tó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀.

Tí ó bá jẹ́ pé sákúlà ni wọn kò fẹ́ fi hàn yín, òfin òmìnira ìwífún ti 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje sì ni wọ́n ní láti dáhùn, àyàfi tí wọ́n bá kọ̀wé pé àwọn nílò ọjọ́ méje mìíràn. Èmi kì í kọ́kọ́ lo òfin yìí, nítorí ó máa ń mú ojú ọ̀gá pọ́n. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ìgbésẹ̀ tó kàn, ó sì dára jù tí ẹ bá pọ̀. Òṣìṣẹ́ kan tó ń béèrè ₦20,000 jẹ́ oníwàhálà lójú wọn. Òṣìṣẹ́ ogójì tí wọ́n rìn ní ọ̀sẹ̀ kan náà, tí wọ́n ṣe àkójọ orúkọ, alẹ́ àti ìyàtọ̀ owó wọn sórí tábìlì kan, ti di ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn aráàlú (Public Complaints Commission), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975. Ó ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kì í gba kọ́bọ̀, ìwà àìtọ́ tí ọ́fíìsì ìjọba bá hù sí ẹnikẹ́ni sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ wọn máa ń jí fáìlì tó ti sùn.

Ilé-ẹjọ́ ló kẹ́yìn. National Industrial Court, tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, ni òfin ilẹ̀ wa gbé ẹjọ́ iṣẹ́ àti owó iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ẹ ṣọ́ra fún òfin kan tó sọ pé ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín oṣù mẹ́ta. Lóòótọ́, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ ní 2019 pé òfin náà kò kan àdéhùn iṣẹ́, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ìjọba á ṣì gbé e dìde, ẹ má sì jẹ́ kí ìjáfara yín fún un ní ohun tó máa sọ. Ẹ ronú sí iye rẹ̀ pẹ̀lú: owó agbẹjọ́rò fún ọjọ́ kan lè ju gbogbo ìyàtọ̀ tí ẹ ń wá lọ. Àfi tí ẹ bá jẹ́ ogunlọ́gọ̀.

Nígbà tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ dá owó padà

Ọ̀rọ̀ náà máa ń yí padà nígbà mìíràn. Wọ́n sáré fi iye tuntun san, ọ́díìtì wá ṣàwárí pé alẹ́ yín ṣáájú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ ìwé ìbéèrè sí yín. Ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ lo ìṣirò alẹ́ kọ̀ọ̀kan tí mo júwe lókè yìí kí ẹ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Tí kò bá jẹ́ òótọ́, ẹ fi tábìlì yín dáhùn láàárín ọjọ́ tí wọ́n dá. Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ gbà pé òótọ́ ni, kí ẹ sì kọ̀wé pé kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù yín.

Ohun tó le jù ni owó àsansílẹ̀, ìyẹn owó tí wọ́n fún yín kí ẹ tó lọ, tí ẹ kò tíì kọ ìwé ìṣirò bí ẹ ṣe ná an padà. Àwọn kan máa ń fi ìbínú di ìwé ìṣirò wọn mú, wọ́n á ní àfi kí wọ́n san ìyàtọ̀ kí àwọn tó ṣírò. Ọgbọ́n kọ́ nìyẹn, nítorí lábẹ́ ìlànà ìṣúná ìjọba, owó àsansílẹ̀ tí òṣìṣẹ́ kò bá ṣírò padà lè di èyí tí wọ́n máa yọ lára owó oṣù rẹ̀ lódindi. Ẹ ṣírò tiyín lásìkò, ẹ gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀, kí ẹ sì máa bá ẹjọ́ ìyàtọ̀ owó lọ lọ́tọ̀.

Tí wọ́n bá sì ń yọ owó, ẹ kọ iye oṣù tí wọn yóò fi yọ ọ́ sí ibi tí ẹ ti máa rí i. Lóṣù tó yẹ kó parí, ẹ gba ìwé owó oṣù yín kí ẹ wò ó. Ẹ̀rọ tó ń san owó kò mọ̀ pé gbèsè ti tán àyàfi tí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ẹni tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ sì lè ti gba ìsinmi.